Ta Ló Ni Ike Tó Wà Nínú Gọ́tà?

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ọ̀rọ̀ tí ìyá oníṣọ́ọ̀bù kan sọ fún mi ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, ti ń jà ràn-ìn lọ́kàn mi. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ńlá, kò sì sọ ọ́ bí ẹni tó fẹ́ kọ́ ènìyàn lọ́gbọ́n. Ó kàn dá mi lóhùn ni, ojú rẹ̀ sì wà lára iṣẹ́ tó ń ṣe. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, gbogbo ìgbà tí mo bá ka ìwé tí ilé iṣẹ́ ńlá kan ti ń yangàn nípa bí òun ṣe ń dáàbò bo àyíká, ọ̀rọ̀ ìyá yìí ni mo fi ń wọ̀n ọ́n, díẹ̀ ló sì ń tẹ̀wọ̀n nínú wọn.

N kò ní máa ròyìn bí ọ̀rá àti ike ṣe gba ìgboro mọ́ wa lọ́wọ́. Ẹni tó bá ti gba Ìbàdàn tàbí Èkó kọjá lẹ́yìn òjò kò nílò ìròyìn. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni ìbéèrè kan tí a kì í sábà béèrè: bí a bá mu ohun mímu tán, ta ló ni èyí tó ṣẹ́kù sí wa lọ́wọ́?

Kíréètì tí kò pé

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí mo dé ṣọ́ọ̀bù náà. Ìyá yìí ń ta bíà, míníràà, píọ̀ wọ́tà àti àwọn nǹkan pẹ́pẹ̀pẹ́ mìíràn. Ọkọ̀ tó ń gbé ọjà fún un yóò dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, nítorí náà ó ń to ìgò òfìfo sínú kíréètì. Ó ń dorí ìgò kọ̀ọ̀kan kodò kí ọtí díẹ̀ tó kù nísàlẹ̀ lè ro dànù, ó ń fi ìka ra ẹnu rẹ̀ yíká láti mọ̀ bóyá ó ti ṣẹ́, nítorí pé ìgò tí ẹnu rẹ̀ bá ti ṣẹ́, wọn kò ní gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó kan kíréètì tó kẹ́yìn, ihò mọ́kànlá ló ní ìgò nínú, ìkejìlá ṣófo.

Ó pe ọmọ tó ń bá a tajà. "Ọ̀kan ò pé. Àwọn wo ló jókòó sẹ́yìnkùlé lálẹ́ àná?" Ọmọ náà ní òun kò mọ̀ wọ́n. Ìyá kò bínú, kò sì pariwo. Ó tan iná fóònù rẹ̀, ó mú ọ̀pá ìgbálẹ̀ kan, ó sì gba ẹ̀yìn ilé lọ sídìí gọ́tà. Èmi náà tẹ̀lé e, nítorí pé ṣéńjì mi ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Gọ́tà náà kún dẹ́nu. Ike omi, ike míníràà àti ike àwọn ohun mímu aláwọ̀ ọsàn tí àwọn ọmọdé fẹ́ràn ló léfòó lórí omi dúdú, ìdérí ṣì wà lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn, èyí tí kò jẹ́ kí wọ́n rì. Ìyá ń fi ọ̀pá ti àwọn ike náà sọ́tùn-ún, ó ń tì wọ́n sósì, ó ń wo abẹ́ wọn, wọ́n sì ń padà wá dí ojú ibi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ọrùn ìgò kan tó yọ. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fà á jáde, ó gbọn ẹrẹ̀ inú rẹ̀ dànù, ó bu omi ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì, ó ra ẹnu rẹ̀ wò, ó sì gbé e sínú ihò kejìlá. Ojú rẹ̀ tú ká.

Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Ẹ wọnú gọ́tà lọ nítorí ìgò kan ṣoṣo, ẹ kò sì mú ẹyọ kan nínú ike tó kún ibẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin náà, bùrọ̀dá! Ìgò yìí kì í ṣe tèmi, ti kọ́ḿpìnì ni. Bí mi ò bá rí i, owó mi ló lọ yẹn. Ike ń kọ́? Ike ò lólówó. Ẹni tó bá ti mu ún tán ti mu ún tán nìyẹn."

Ó ka ṣéńjì mi fún mi, ó sì padà sídìí kíréètì rẹ̀.

Ohun tí owó ìgò mọ̀ ọ́n ṣe

Irú obìnrin yìí ni a máa ń wàásù fún. Òun ni àwọn wolé-wolé máa ń bá wí, òun ni rédíò máa ń bẹ̀ pé kó má da ìdọ̀tí sí gọ́tà, òun náà ni ọ̀mọ̀wé máa ń tọ́ka sí nígbà tó bá ń ṣàlàyé pé àìmọ̀kan ló ń bá àyíká wa jẹ́. Síbẹ̀, mo fojú mi rí i tó tọ́jú ohun òfìfo kan dé ibi tí kò sí àjọ aláàbò àyíká kankan tó lè bèèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó kà á, ó ṣọ́ ọ, ó wá a nígbà tó sọnù, ó fọ̀ ọ́, yóò sì dá a padà fún ẹni tó ni ín. Kò sí ìpàdé ìlanilọ́yẹ̀ kankan tó kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Owó tó wà lórí ìgò ló kọ́ ọ.

Àwọn tó dàgbà díẹ̀ nínú wa rántí pé bí gbogbo míníràà ṣe rí nìyẹn. Bí wọ́n bá rán ọ ní míníràà, ìgò òfìfo ni wàá kọ́kọ́ mú dání. Bí o kò bá ní ìgò, wàá fi owó ìgò sílẹ̀ tàbí kí o dúró mu ún tán lójú ọlọ́jà. Níbi ìnáwó, ẹnì kan máa ń wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó jókòó ti kíréètì, kí ó sì máa fi ojú ṣọ́ abẹ́ tábìlì gbogbo, nítorí pé ìgò tí kò bá pé, alásè ni yóò san án. Ẹ̀gbọ́n mi kan máa ń sọ pé òun kò tíì jẹ́ àsè kan ní ìrọ̀rùn nígbà èwe òun, nítorí òun ni wọ́n máa ń yàn sí iṣẹ́ ìgò.

Ètò náà kò lọ́jú pọ̀. Ohun mímu ni ilé iṣẹ́ tà. Ìgò àti kíréètì ṣì jẹ́ tiwọn. Alágbàtà ńlá fi owó ìdúró sílẹ̀ lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́, alágbàtà kékeré fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ alágbàtà ńlá, oníṣọ́ọ̀bù fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ alágbàtà kékeré, títí tó fi dé orí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́. Ọkọ̀ tó gbé èyí tó kún wá ni yóò kó òfìfo lọ. Ní ilé iṣẹ́, wọn yóò fi omi gbígbóná àti sódà fọ ìgò náà, wọn yóò yẹ̀ ẹ́ wò, wọn yóò sì tún rọ ohun mímu sí i. Ìgò kan lè lọ kó sì bọ̀ ju 20 ìgbà lọ kó tó fọ́. Ìfẹ́ àyíká kọ́ ló bí ètò yìí. Ìgò wọ́n ni, ilé iṣẹ́ kò sì fẹ́ kí ohun tó wọ́n sọnù.

Nígbà tí ike dé, ìṣirò náà yí padà. Ike fúyẹ́, ọkọ̀ kan sì lè gbé ohun mímu púpọ̀ sí i. Kì í fọ́. Kò sí pé ọkọ̀ ń kó òfìfo padà, kò sí ẹ̀rọ tí yóò fọ ìgò, kò sí gbọ̀ngàn tí a ó to ìgò ẹlẹ́gbin sí. Àwa náà jẹ nínú rẹ̀, kí a má parọ́. Ọmọ tó ń ta míníràà tútù láàárín súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Ojóòta tàbí ní Bẹ́ẹ̀gẹ̀ kò lè sáré tẹ̀lé ọkọ̀ láti gba ìgò padà. Ike ló fún un níṣẹ́. Arìnrìn-àjò lè mú ohun mímu rẹ̀ dání títí dé Ìlọrin. Kò sí ẹni tó bá wa fà á, a fi ìdùnnú gbà á.

Ṣùgbọ́n ìnáwó tó kúrò nínú ìwé ilé iṣẹ́ kò parẹ́ láyé. Ẹnì kan ṣì gbọ́dọ̀ kó òfìfo náà, ẹnì kan ṣì gbọ́dọ̀ ní ibi tí yóò tò ó sí, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ san owó ọkọ̀ tí yóò gbé e. Ìjọba ìbílẹ̀ ni wọ́n gbé e lé lọ́wọ́, àti LAWMA, àjọ tó ń kó ìdọ̀tí ní Èkó, àti gọ́tà ẹ̀yìnkùlé ìyá yìí, kò sì sí èyí tó jókòó nínú wọn nígbà tí wọ́n ń ṣe ìpinnu. Àwọn àgbà ní àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Nínú òwò òde òní, àgbà jẹ tirẹ̀ tán, ó sì ti rí ẹlòmíràn tí yóò bá a ru igbá.

Mo fẹ́ sọ ohun kan kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì mí gbọ́. N kò sọ pé gíláàsì ló dára tí ike sì burú. Iná tí a fi ń yọ́ gíláàsì pọ̀, ó wúwo, epo tí ọkọ̀ sì ń jó láti gbé e kò kéré. Bí a bá mu nǹkan nínú ìgò gíláàsì lẹ́ẹ̀kan tí a sì sọ ọ́ nù, ó ṣeé ṣe kí a ti ṣe ayé ní ibi ju ẹni tó lo ike lọ. Pípadà tí ìgò ń padà ni ire tó wà lára rẹ̀, ike náà ì bá sì ní irú ire bẹ́ẹ̀ bí a bá ṣètò rẹ̀ fún un.

Ogunpa kò mọ píọ̀ wọ́tà

Àṣà kan ti wọ ọ̀rọ̀ yìí tí kò tẹ́ mi lọ́rùn: bí omíyalé bá ti ṣẹlẹ̀, ọ̀rá àti ike ni a ó kọ́kọ́ dá lẹ́bi, tí a ó sì sùn. Ní ọjọ́ 31, oṣù Kẹjọ, ọdún 1980, Odò Ògùnpa kún bo bèbè rẹ̀ n'Ìbàdàn, ó sì gbé ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn lọ. Kò sí píọ̀ wọ́tà nígbà náà. Ìdọ̀tí wà nínú odò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé tí a kọ́ sẹ́bàá odò wà níbẹ̀ pẹ̀lú, àti ojú omi tí a ti fún pa. Ní ọjọ́ 26, oṣù Kẹjọ, ọdún 2011, omi tún ya wọ ìlú kan náà, ó pa ju 100 ènìyàn lọ, ilé sì tún wà lójú ọ̀nà omi. Ẹni tó bá fi gbogbo rẹ̀ di ẹrù ike ń bá àwọn tó fọwọ́ sí ìwé ilẹ̀ bo àṣírí ni.

Píọ̀ wọ́tà fúnra rẹ̀ kò yẹ kí a fi òṣùwọ̀n kan náà wọ̀n pẹ̀lú míníràà. Kí ó tó dé, omi tútù tí wọ́n ń fi ọwọ́ dì sínú ọ̀rá ni àwọn ọmọdé ń kiri, ẹni tó bá rà á kò sì mọ kànga tàbí ẹ̀rọ tí wọ́n ti pọn ọ́n. Nígbà tí Dókítà Dora Akunyili jẹ́ ọ̀gá àgbà NAFDAC láti ọdún 2001 sí 2008, àjọ náà mú àwọn tó ń ṣe omi inú ọ̀rá ní dandan láti gba nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń wo nọ́ńbà náà lára ọ̀rá kí wọ́n tó fi eyín fà á ya. Ẹ̀rọ omi ìjọba kò yọ, ìbà jẹ̀funjẹ̀fun ń jà, òǹtajà kan sì wá ọ̀nà tí olówó kékeré yóò fi rí omi mu. Ọ̀rá tó wà nílẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí ẹ̀rọ omi tó gbẹ. Bí a bá fẹ́ kó dínkù ní tòótọ́, ìdídò omi Ẹlẹ́yẹlé àti ti Aṣẹ́jíire ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, kí omi wọn dé ilé.

Míníràà kì í ṣe ọ̀rọ̀ òùngbẹ tí kò ní ọ̀nà mìíràn. Ọ̀nà mìíràn wà, a ti ń rìn ín fún ọ̀pọ̀ ọdún, ilé iṣẹ́ ló sì yà kúrò lójú rẹ̀ nítorí èrè. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì sí mi, nítorí pé ìwà ọmọlúwàbí nínú òwò kò ní kí gbogbo ọlọ́jà ru ẹrù tó dọ́gba. Ẹni tó ní ọ̀nà tó mọ́ tí ó sì fi í sílẹ̀ ní ẹjọ́ láti jẹ́ ju ẹni tí kò ní ọ̀nà kankan lọ.

Ìka wo lọba gé?

Ní ọjọ́ 21, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2024, Kọmíṣánnà fún ọ̀rọ̀ àyíká ní Ìpínlẹ̀ Èkó, Tokunbo Wahab, kéde pé ìjọba ti fòfin de ike funfun fúyẹ́fúyẹ́ tí wọ́n fi ń di oúnjẹ, èyí tí wọ́n ń pè ní Styrofoam. Ariwo sọ. Wọ́n fún àwọn tó ní i nílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láti tà á tán. Nígbà tó di ọjọ́ 1, oṣù Keje, ọdún 2025, òfin náà gbòòrò dé orí ife àlòsọnù, ìfà-míníràà, ṣíbí ike àti ọ̀rá tó fẹ́lẹ́ jù. Ike míníràà àti ọ̀rá píọ̀ wọ́tà kò sí nínú rẹ̀. Ìjọba ní ọ̀nà mìíràn ni àwọn yóò fi mú àwọn wọ̀nyẹn, nípa mímú kí àwọn tó ń ṣe wọ́n jáde dá owó.

N kò bá ìjọba Èkó jà lórí òfin náà. Mo rò pé ó yẹ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó kọ́kọ́ kàn. Ìyá oníràìsì tó ń tajà lẹ́bàá ọ̀nà ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ, òun ló wá rọ́bà tó wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì fi owó rọ́bà lé owó oúnjẹ, oníbàárà san án. Òun ló sún mọ́ ọwọ́ òfin jù. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ní ògiri, kò ní lọ́yà, kò sì lè sọ pé òun yóò kó òwò òun lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn. Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ wa, ṣùgbọ́n mo ti kíyè sí i pé ìka tó bá wà nítòsí ọ̀bẹ ló sábà máa ń lọ.

Kì í ṣe pé kò sí òfin fún àwọn ńlá. Láti ọdún 2009 ni ìlànà àyíká ìjọba àpapọ̀ lórí ilé iṣẹ́ oúnjẹ, ohun mímu àti tábà, tí NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí òfin àyíká, ń bójú tó, ti sọ ọ́ pé ẹni tó ṣe ọjà jáde ni yóò ní ojúṣe lórí ohun tó kù lára rẹ̀ lẹ́yìn tí a bá lò ó tán. Ní ọdún 2018, àwọn ilé iṣẹ́ ohun mímu kan, tí Coca-Cola, Nestlé, Seven-Up àti Nigerian Breweries wà lára wọn, dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti máa ná owó sórí kíkó ike jọ. Mo yìn wọ́n fún un. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ètò yìí àti ti ìgò àtijọ́ ni pé ilé iṣẹ́ ló ń pinnu iye tí òun yóò dá àti ìgbà tí òun yóò dá a. Ti ìgò kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó bá gbé ìgò òfìfo wá ní ẹ̀tọ́ sí owó rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kò sì sí ọ̀gá àgbà kankan tó lè sọ fún un pé ọdún yìí kò dára.

Ìlérí tí ènìyàn ṣe fúnra rẹ̀, òun náà ló lè tú u. Ní ọdún 2018, Coca-Cola ṣèlérí fún gbogbo ayé pé nígbà tó bá fi máa di ọdún 2030, àwọn yóò máa kó ìgò tàbí agolo kan jọ fún gbogbo ọ̀kọ̀ọ̀kan tí àwọn bá tà. Ní ọdún 2022, wọ́n fi kún un pé ó kéré tán, ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ohun mímu àwọn yóò máa wà nínú ohun tó ṣeé dá padà kí a tún rọ nǹkan sí. Nígbà tó di oṣù Kejìlá ọdún 2024, wọ́n gbé ìlérí tuntun jáde: ìkójọ di ìdá 70 sí 75 nínú ọgọ́rùn-ún, ọdún 2030 di 2035, ti dídá ìgò padà kò sì sí nínú rẹ̀ mọ́. Kò sí òfin tí wọ́n rú. Wọn kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè tí ilé ẹjọ́ mọ̀. Ẹ fi wé ìyá Mọ́kọ́lá tí kíréètì rẹ̀ kò pé ní ẹyọ kan: kò lè gbé ìlérí tuntun jáde pé ihò mọ́kànlá ni òun yóò máa dá padà láti ìsinsìnyí lọ.

Ẹsẹ̀ tó ń tẹ ike

Nítorí náà, ta ló ń ru igbá ní báyìí? Ọmọkùnrin kan máa ń gba àdúgbò wa kọjá pẹ̀lú àpò ìdọ̀họ ńlá léjìká. Mo dúró wò ó ní àárọ̀ ọjọ́ kan. Ó yọ ike kan nínú gọ́tà, ó tú ìdérí rẹ̀, ó da omi inú rẹ̀ dànù, ó gbé e sílẹ̀, ó fi gìgísẹ̀ tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ, ó sì jù ú sápò. Ìdérí lọ sínú ọ̀rá kékeré kan tó so mọ́ ìdí, nítorí pé ike tí wọ́n fi ṣe ìdérí yàtọ̀ sí ti ara ìgò, wọn kì í sì í rà wọ́n pọ̀. Ike tó mọ́ gaara ló kọ́kọ́ ń mú. Owó rẹ̀ dára ju ti aláwọ̀ ewé lọ. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tó ti dọ̀tí, kò tilẹ̀ wò ó.

Kílò ni wọ́n fi ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgò ike kékeré kan fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fi tó nǹkan bí 40 sí 50 kí kílò kan tó pé, èyí tó túmọ̀ sí ìbẹ̀rẹ̀mọ́lẹ̀ 40 sí 50 nínú gọ́tà, láìní ìbọ̀wọ́, láti rí owó tí kò tó ra oúnjẹ kan dáadáa. Ibẹ̀ ni mo ti lóye ìdí tí ìyá oníṣọ́ọ̀bù kò fi lè wo ike náà lẹ́ẹ̀mejì. Bí a bá pín owó kílò kan sí ọ̀nà 50, ohun tó kù lórí ẹyọ kan kò tó ohun tí ènìyàn ń bẹ̀rẹ̀ mú.

Àwọn kan ti gbìyànjú láti mú iṣẹ́ yìí gbayì. Bilikiss Adébíyì-Abíọ́lá dá Wecyclers sílẹ̀ n'Ékòó ní ọdún 2012, kẹ̀kẹ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń gùn wọ àdúgbò tí ọkọ̀ kólẹ̀-kódọ̀tí kì í wọ̀, wọ́n sì ń fún àwọn onílé tó bá ya ike wọn sọ́tọ̀ ní ẹ̀bùn. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ sí i, inú mi sì ń dùn sí wọn. Síbẹ̀, mi ò lè gbàgbé pé iṣẹ́ tí ilé iṣẹ́ ń fi ọkọ̀ ara rẹ̀ ṣe nígbà kan ni a ń fi kẹ̀kẹ́ àti ẹ̀bùn ṣe báyìí, tí a sì ń pè é ní ìmọ̀ tuntun.

Ike pàápàá kò ṣàì níye lórí. Ẹ dé ọjà Bódìjà, ẹ ó rí i tí epo pupa, ẹ̀pà sísun, àgbo jẹ̀dí àti sóbò ń jókòó nínú ike tí ẹlòmíràn ti mu nǹkan nínú rẹ̀ rí. Àwọn ìyá yẹn ń ra ike náà, wọ́n ń fọ̀ ọ́, wọ́n ń tún un lò. Ohun tó ní ìwúlò ni ohun tó wà nínú gọ́tà yẹn. Ẹni tí yóò dúró gẹ́gẹ́ bí olówó rẹ̀ ni kò ní.

Bí a bá gbé owó lé ike lórí

Láti ọdún 2003 ni Jámánì ti gbé owó ìdúró lé ìgò ike àti agolo ohun mímu. Lónìí, sẹ́ńtì 25 ni ẹni tó bá ra omi nínú ike ń fi sílẹ̀ lórí ìgò, ẹ̀rọ kan ní ilé ìtajà yóò sì dá a padà fún un. Ó ju 90 lọ nínú gbogbo 100 tó ń padà. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ibẹ̀ mọ̀ ọ́n dáadáa. Kò sí ẹni tó ń ju ike sílẹ̀, bó bá sì jù ú sílẹ̀, ẹlòmíràn yóò gbé e kó tó yí ojú padà. Kì í ṣe pé ìwà wọn dára ju tiwa lọ. Ohun tí ìyá Mọ́kọ́lá ń ṣe fún ìgò bíà ni wọ́n ń ṣe.

Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ bá alágbàtà ohun mímu kan tí mo mọ̀, ẹni tó ti wà nídìí òwò náà láti ìgbà kíréètì onígi. Ó fara balẹ̀ gbọ́ mi, lẹ́yìn náà ó ka àtakò rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní owó míníràà yóò lé, àwọn tálákà ni yóò sì kọ́kọ́ dùn. Mo ní owó ìdúró kì í ṣe owó tó lọ, ó ń padà sọ́wọ́ ẹni tó bá dá ike padà. Ó ní èmi kò mọ bí owó ṣe ń ṣe ẹni tó jẹ́ pé ti òní ló wà lápò rẹ̀. Ibẹ̀ yẹn, òótọ́ ni, n kò sì ní èsì tó dán mọ́rán fún un ju pé kí owó náà kéré. Ó ní wọn yóò kó ike wá láti Kútọnu wá gba owó tí wọn kò san. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n àmì lè wà lára ike, gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà NAFDAC ti wà. Ó ní kò sí ẹni tí yóò máa kó o padà. Èyí ni mo kọ̀ jálẹ̀. Ọkọ̀ bíà ń wọ gbogbo kọ̀rọ̀ ìlú yìí, ó sì ń kó òfìfo padà láti ìgbà tí a ti bí èmi àti òun. Ọ̀nà ìpadàbọ̀ ti wà nílẹ̀.

Ohun tó kù, tí n kò tíì gbọ́ kí a jíròrò rẹ̀ tó, ni ti owó tí ẹnikẹ́ni kò ní padà wá gbà. Gbogbo ike kọ́ ni yóò padà. Òmíràn yóò bọ́ sójú ọ̀nà márosẹ̀, ìyá elépo yóò rọ epo sí òmíràn. Bí owó orí wọn bá ṣẹ́kù sọ́wọ́ ilé iṣẹ́, ike tó sọnù yóò di èrè fún wọn, wọn kò sì ní kánjú kó padà. Bí ó bá bọ́ sí àpò ìjọba, a ti mọ bí àpò náà ṣe rí. Ohun tí èmi fara mọ́ ni pé kí a ya owó náà sọ́tọ̀ fún àwọn tó ń ṣa ike, fún ìbọ̀wọ́ àti bàtà wọn, àti fún ìtọ́jú wọn nígbà tí gíláàsì tàbí irin bá ya wọ́n lẹ́sẹ̀. Kí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sì máa kéde lọ́dọọdún iye ike tó kó jáde àti iye tó padà sí i.

Alágbàtà náà mi orí. Ó ní ilé iṣẹ́ kò ní gbà láé. Mo bi í pé èwo ni wọn kò ní gbà nínú rẹ̀, owó tí wọn yóò dá ni, àbí iye tí wọn yóò kéde.

Ó ní, "Iye tí wọ́n máa kéde ni. Owó, wọ́n á rí i dá."